Mo Dógò ti Ikú

Pákó kan wà lẹ́yìn ilé mi n'Ìjẹ̀bú-Igbó
tí mi ò tà, tí mi ò fi dáná.
Ìyókù arère tí mo là fún pósí Fadérera ni.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ péré ni pósí náà gbà:
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ló fẹ́ fi gígùn ṣe?
Ìyókù dúró ti ògiri, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á,
aláǹgbá sọ ọ́ di títì.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà ni.
Àyà ọmọ ń han bí ayùn tó kan ìṣó.
Ọ̀kadà sáré títí a fi dé ọsibítù.
Nọ́ọ̀sì yí orí sílíńdà atẹ́gùn, ó gbétí sí i,
ó tún un yí.
"Ó ti tán láti ìjẹta, bàbá."
Láti ìjẹta.
Igi mẹ́tàdínlógún ni mo là níjẹta.
Ta ló mọ èyí tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá mi wọlé,
tó bọ́ sọ́nà ọ̀fun ọmọ mi?
Ìbéèrè yìí ni mo ń gbé sùn. Ẹ má dá mi lóhùn.

Ọdún kìíní, ìyá rẹ̀ kọjú sógiri.
Ọdún kejì, ó kọjú sógiri.
Ọdún kẹta, èmi náà bá a kọjú síbẹ̀,
a jọ ń wo ibi tí ọ̀dà ti ṣí.
Àwọn àgbà ní, "Ṣówándé, a kì í ka ọdún fún òkú ọ̀fọ̀. Gbàgbé."
Mo ní mo gbọ́.
Kàlẹ́ńdà ni kò gbọ́.

Ọdún kẹrin, kí àkùkọ tó kọ, mo gbé arère wọlé.
Mo fá a, mo gé e sí mẹ́fà, mo kàn án lápótí,
mo lu ihò kan sí i lórí,
tó gba owó, tí kò gba ọwọ́.
Ìyá Fadérera dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Kí lẹ tún fẹ́ sin síbẹ̀?"
Mo ní, "Kò sí. Gbèsè ni mo fẹ́ gbà.
Ikú jẹ wá. Ìjẹ̀bú ni mí,
mi ò ní jẹ́ kí owó ọmọ mi gbé.
Màá dógò tì í."
Ó wọlé, ó wé gèlè. Òun ló gbé àpótí.

A bẹ̀rẹ̀ l'Òkè-Àgbò, a já s'Átìkòrì.
Ọlọ́kadà ọjọ́sí mọ̀ wá;
ó ka owó tó gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà,
ó jù ú sínú ihò, kò wojú mi.
Ọmọ kíláàsì Fadérera kan fi ogún náírà sí i.
Mo rí bó ti ga tó.
Mo yára wo ibòmíràn.
Bàbá Odùlámí, ahun àdúgbò, tó ń ka ẹ̀pà kó tó fi sí gaàrí,
bi wá níbi tí rìsíìtì wà.
Lálẹ́ ó kan ilẹ̀kùn, ó mú owó wá nínú ọ̀rá:
"Ẹ má kọ orúkọ mi.
Èmi náà ní ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé."
Ó lọ. A ò tíì mọ ẹni tí ó jẹ́.

Nígbà tí a tú àpótí, owó ò pé.
Mẹ́ta la ní lọ́kàn, ọ̀kan la rí rà.
Nọ́ọ̀sì yí orí rẹ̀, ó ṣe ṣíììì.
Ìyá Fadérera ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yí."
Wọ́n tún un yí.
Ó gbétí sí i bí ẹni gbétí sẹ́nu ọmọ tó ń sùn.

Mi ò ní tàn yín, inú mi ò dùn.
Ṣùgbọ́n mo gbá lẹ́búlẹ́bú iwájú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà,
mo jẹun, ìyàwó mi náà jẹun.
Àpótí wà lórí àga.
Etí ihò rẹ̀ ṣì ń ha ènìyàn lọ́wọ́;
kí Ọ̀wàrà mìíràn tó dé,
màá fi sáńpépà bá a wí.